Aṣọ fún Búlọ́ọ̀gù Sabahat

2 Júùnù

Àwọn tó ń gbé búlọ́ọ̀gù Sabahat sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti pààrọ̀ sọ́fítíwíà wọn sí tuntun. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn fi ìwé ránṣẹ́ pé inú wa máa dùn sí i. Mo ṣí búlọ́ọ̀gù náà láàárọ̀ yìí, inú mi ò dùn.

Aṣọ rẹ̀ ti ya. Sabahat kì í pe ìrísí búlọ́ọ̀gù ní tíìmù bí àwọn oníkọ̀ǹpútà yòókù. Aṣọ ló ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló sì tún èyí rán láti ara ti òyìnbó kan. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ Urdu, èdè wa, tó yẹ kó ti ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ ti lọ fara ti ògiri òsì, bí ọmọ tí olùkọ́ ní kó lọ kọjú sí ògiri. Àwòrán Sabahat, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ti já bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ "A kò rí ohun tí ẹ ń wá" sí.

Oṣù kẹwàá tó kọjá ni ibà ẹ̀fọn mú un lọ. Èmi náà ò tíì rí ohun tí mò ń wá.

4 Júùnù

Mo mú Ammi, ìyá wa, lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ìtọ̀ ṣúgà ti gba ojú òsì láti ọdún tó kọjá. Dókítà wo ti ọ̀tún, ó tún un wò, ó sì kọjú sí èmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ó ní bóyá títí oṣù kẹsàn-án, bóyá kó má tó bẹ́ẹ̀.

Ammi ní, "Dókítà, ojú ló ń dà mí láàmú. Etí mi ò ṣe nǹkan kan."

Kẹ̀kẹ́ ń gbé wa bọ̀, a kọjá ibùdókọ̀ ojú irin. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo fẹ́ ka gbogbo ohun tí Sabahat kọ."

Ammi yìí kan náà ni kò kà á rárá nígbà tí Sabahat wà láàyè. Ó máa ń sọ pé ọmọ ilé ire kì í sá ọkàn rẹ̀ sórí okùn fún aládùúgbò.

Mo ní, "Màá máa kà á fún yín."

"Ìwọ? Wàá máa fo ibi tó bá ti dárúkọ mi."

"Mi ò ní fò ó, Ammi."

"Láti kékeré lo ti máa ń fo ìlà. Ta ló kọ́ ẹ níwèé? Ojú ara mi ni mo fẹ́ fi kà á, kó tó kú."

N kò bi í bóyá ojú ló ń sọ. Kẹ̀kẹ́ ń pariwo.

6 Júùnù

Tabrez, ọ̀rẹ́ mi tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi, bá mi tẹ ọ̀rọ̀ Sabahat díẹ̀ sórí bébà, lẹ́tà gàgàrà. Ammi gbé bébà náà sún mọ́ imú, ó gbé e jìnnà. Ó ní funfun bébà ń tàn bí oòrùn ọ̀sán, ó sì ti lé gbogbo lẹ́tà sá.

"Ṣé ẹ rí ohunkóhun?"

"Mo rí bébà."

9 Júùnù

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ. Wọ́n pọ̀ bí eṣú, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Àwọn ènìyàn káàkiri ayé rán an, wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè mú un, kó tú u, kó tún un rán. Ó kàn jẹ́ pé gbogbo wọn ló rò pé lẹ́tà máa ń dúró ṣánṣán bí ọlọ́pàá. Tiwa kì í dúró. Ó máa ń dàgẹ̀rẹ̀, ó máa ń rọ̀ wá sílẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lókè máa ń parí sẹ́sẹ̀ èkejì. Bí mo bá ti fi Urdu sínú aṣọ òyìnbó, ìlà òkè á bẹ́ ìlà ìsàlẹ̀ lórí. Mo gbìyànjú mọ́kànlá lónìí. Orí ọ̀rọ̀ kún ilẹ̀.

Mángòrò ti wọ ìgbà. Ọgọ́rin rupee ni kílò kan. Ammi ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Ó ní kí n rà á sílé kí òun máa gbóòórùn rẹ̀.

11 Júùnù

Mo gbé mẹ́ta tó sàn díẹ̀ sí iwájú Ammi. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí wọ́n ń kó aṣọ ìyàwó wá fún kó yàn.

Èkíní ní àwòrán ife kọfí ńlá lókè. Ohun tó ń tàn ní ojú kọ̀ǹpútà ló ń rí, nǹkan ńlá nìkan ló sì ń dá mọ̀. Ó ní, "Kí ni ife yìí ń ṣe níbí? Ṣé Sabahat ṣí ilé kọfí ni?"

Èkejì, lẹ́tà Lárúbáwá tó dúró ṣánṣán ni mo fi sí i kí orí má baà gé. "Èyí dà bí ìkìlọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Jeddah. Ọmọ mi kì í ṣe Lárúbáwá."

Ẹ̀kẹta pupa fòò bí aṣọ ìyàwó lọ́dọ̀ wa, òdòdó wúrà yí etí rẹ̀ ká. Ó wò ó pẹ́.

"Ṣé wọ́n ti fi í fọ́kọ ni?"

Ó ní kí n gbé kọ̀ǹpútà kúrò.

13 Júùnù

Ooru. Iná lọ láago mẹ́sàn-án àárọ̀, kò tíì dé. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo kà ní pólì, mo sì ní díplómà rẹ̀ lára ògiri. Òun la fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí ara wa.

17 Júùnù

Mo kọ̀wé sí pátákó orí íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń tún aṣọ búlọ́ọ̀gù rán sí Urdu. Mo bi wọ́n báwo ni ènìyàn ṣe lè fi lẹ́tà wa sínú aṣọ àjèjì kí orí rẹ̀ má gé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shakeeb, ní Karachi, ló dá mi lóhùn. Ó kí èmi, ó kí ilé mi, ó kí òbí mi, ó gbàdúrà fún kọ̀ǹpútà mi, ó wá ní, "Fi èyí sí i," ó sì lẹ ìlà kóòdù kọ̀ǹpútà bíi mélòó kan mọ́ ọn. Ó ní gbogbo ẹni tó ń kọ Urdu sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń lò ó, kì í jáni kulẹ̀.

Mo fi í sí i. Lójú ẹsẹ̀ ni ìlà gbé ara wọn kúrò lórí ara wọn. Orí gbogbo lẹ́tà padà sípò.

Ìgbà náà ni mo wá ka ohun tí wọ́n kọ sí òkè kóòdù náà, níbi tí oníṣẹ́ máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sí:

"Sabahat, Multan, ló ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà ráyè mí."

Shakeeb fi ọ̀rọ̀ kan kún un nísàlẹ̀: "Ìlú kan náà lẹ ti wá. Bí o bá mọ̀ ọ́n, bá mi kí i. Ó ti pẹ́ tó ti dákẹ́. Bóyá ó ti lọ́kọ."

18 Júùnù

Mo kọ èsì gígùn, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ òmíràn, iná lọ, ó pa ara rẹ̀ rẹ́. Nígbà tí iná dé, ohun tí mo fi ránṣẹ́ ni: "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti kú. Kóòdù rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa."

19 Júùnù

Shakeeb dáhùn. Kò kí ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ínnà lilláì," ó bá wa kẹ́dùn, ó sì ní ohunkóhun tí mo bá fẹ́, kí n sọ. Ó fi irinṣẹ́ kan tó ṣe fúnra rẹ̀ ránṣẹ́. Tí ènìyàn bá fi aṣọ òyìnbó sínú rẹ̀, á yí gbogbo ohun tó wà lósì sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́tà wa ti ń mí báyìí, ṣùgbọ́n Ammi ò rí i síbẹ̀. Bí mo ṣe ń mú un tóbi ni funfun ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbé e mì. Tabrez ní kí n fi àwọ̀ ewé sí i. Mo fi àwọ̀ ewé sí i. Ammi ní òun rí oko.

23 Júùnù

À ń ti ilé ìwòsàn bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin fẹ́ kọjá, wọ́n ti ọ̀nà pa, kẹ̀kẹ́ wa dúró síwájú ọkùnrin tó máa ń po wàrà dídì tà. Èmi ń wo fóònù. Àfi bí Ammi ṣe fò sókè.

"Àádọ́ta rupee! Ife kan ṣoṣo! Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé màlúù rẹ ń lọ sí yunifásítì ni?"

Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ bínú sí yìnyín, ẹ má bínú sí mi. Yìnyín ló wọ́n."

"Ọdún tó kọjá, márùndínlógójì ni!"

"Ọdún tó kọjá, èmi náà ṣì nírun lórí."

Mo ní, "Ammi, ta ló sọ iye tó jẹ́ fún yín?"

"Ta ló máa sọ fún mi? Kò ha kọ ọ́ síbẹ̀ ni?"

Mo gbójú sókè. Pátákó dúdú ló gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ iye owó sí i gàdàgbà. Ọgbọ̀n ọdún ni Ammi fi dúró kọ́ni níwájú irú pátákó bẹ́ẹ̀ nílé ìwé àwọn ọmọbìnrin. Ọjọ́ wo ni mo ti ń fún un ní bébà funfun àti òdòdó?

Mo ra ife wàrà méjì níbẹ̀. Ọkùnrin náà rò pé ó dùn mọ́ mi ni mo ṣe ń rẹ́rìn-ín.

27 Júùnù

Mo rí aṣọ dúdú kan. Ará Finland kan ló rán an fún àwọn tó ń ya àwòrán ìràwọ̀. Mo gbé e sínú irinṣẹ́ Shakeeb, ó yí gbogbo rẹ̀ padà sí ọwọ́ ọ̀tún. Mo fi kóòdù Sabahat sí i, mo kun lẹ́tà ní funfun ṣọ́ọ̀kì, mo gbé àwòrán rẹ̀ sókè níbi tó ti máa ń wà. Tabrez wò ó, ó ní ó dára, ó kàn dà bí pátákó ilé ìwé tí kò sanwó iná ni.

Mo gbé e lọ fún Ammi. Ó gbé ojú sún mọ́ àwòrán náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án.

"Ta ni ọmọ yìí?"

Mo ní, "Sabahat ni, Ammi."

"Kì í ṣe òun. Ó jọ ọ́. Ta ni?"

"Àwòrán tó yà níbi ìgbéyàwó àbúrò yín Khala ni."

"Mudassir, èmi ni mo mú ọmọ mi lọ gún imú. Ihò òsì ni wọ́n gún. Ti ọmọ yìí wà lọ́tùn-ún."

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Irinṣẹ́ Shakeeb ti yí gbogbo ohun tó wà lósì sí ọ̀tún, ó sì yí ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ọn. Àwa méjì tí ojú wa mọ́lẹ̀ ti wo àwòrán yẹn láti àárọ̀.

Mo sọ fún Tabrez. Ó ní, "Èmi rí i. Mo rò pé ó ń wo dígí ni."

2 Júláì

Ó kà á.

Ó jókòó, ó na ọ̀pá àtijọ́ tó máa ń fi tọ́ka sí pátákó, ó sì kàwé sókè ketekete bí ẹni tí ogójì ọmọ wà níwájú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ní ká ti bẹ̀rẹ̀, láti ọdún tí Sabahat ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí búlọ́ọ̀gù. Èyí tó kọ́kọ́ kà sọ nípa aṣọ ilé ìwé. Sabahat kọ ọ́ pé Ammi máa ń rán aṣọ òun tóbi kó baà lè pẹ́ ọdún mẹ́ta lọ́rùn òun, pé òun máa ń wà nínú rẹ̀ bí ẹ̀wà kan nínú àpò, pé ìgbà tí òun dàgbà tán ni òun rí i pé òun ò lè wọ aṣọ tó bá fún mọ́, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan di òun lọ́rùn mú.

Ammi dá ọ̀pá dúró.

"Ọdún mẹ́ta ló pè é. Irọ́ ni. Ọdún méjì ni mò ń fi sí i."

Ó wá tún ìlà náà kà, láìpariwo. Mo jáde lọ ra yìnyín. A ní yìnyín nílé.

10 Júláì

Mo fi kún ìwọ̀n lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ló ń wọ ìlà kan báyìí. Ammi ní kì í ṣe pé ojú òun ń burú sí i, Sabahat ló ń kọ̀wé wẹ́wẹ́ bó ṣe ń dàgbà.

Òjò kò rọ̀. Wọ́n ní á rọ̀.

21 Júláì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní Ammi kò gbọ́dọ̀ gbà á nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Ó ń gbà á. Lẹ́yìn ìrun àsárì ló ń kàwé, títí di ìṣínu. Ó ní ó ń mú kí ebi gbàgbé òun.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń wọ ìlà kan.

29 Júláì

Lónìí ó ka èyí tí Sabahat fi pè é ní alágídí. Mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀; mo ti ń ronú láti ọjọ́ mẹ́ta bóyá kí n gbé e pamọ́. N kò gbé e. Ó kà á tán, ó fi ọ̀pá gbá mi lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ṣé o rí i? Èyí ni ìwọ ì bá fò."

"Èmi kọ́, Ammi."

"Ìwọ ni. Mo gbọ́ bí èémí rẹ ṣe dúró."

6 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òjò rọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fún omi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń wọ ìlà.

12 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Bí ó bá ti kà á, á ní, "Ó tó," èmi á tẹ bọ́tìnì, òmíràn á wọlé. Gbólóhùn kan lè gbà wá ní ìdajì wákàtí. Nígbà mìíràn, tó bá fi dé ìparí, á bi mí pé ta ló ṣe nǹkan ọ̀hún ná, a ó sì padà lọ wá ẹni tó ṣe é.

Àwọn òǹkàwé ti ń kọ̀wé wọlé. Èkíní ní, "Arákùnrin, búlọ́ọ̀gù yín ti bàjẹ́. 'Ṣùgbọ́n' nìkan ni mo rí." Èkejì bèèrè bóyá ewì ìgbàlódé ni. Ẹ̀kẹta ní òun ti ń yí i wálẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin láti ìlú Lahore títí òun fi sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú Sahiwal, òun ò tíì ka ìpínrọ̀ kan tán.

Mo tẹ bọ́tìnì, ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé.

17 Ọ́gọ́ọ̀sì

A ti dé ibi tó kù díẹ̀. Èyí tí Sabahat kọ gbẹ̀yìn nìkan ló kù, èyí tó kọ ní ọjọ́ tó kù ọ̀la tí ibà máa dá a wólẹ̀. Ammi ní ojú ti rẹ òun, ká fi í di ìgbà ọdún.

20 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ammi se tálíà wẹ́wẹ́ oníwàrà láàárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ gbogbo ibi tí nǹkan wà ní ilé ìdáná. Tabrez wá kí wa. Ó jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, èmi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ammi gbé àwo bọ̀, ó nà án sí i.

"Mudassir, gbà. Èyí tó ní ṣúgà ni tìẹ, má jẹ́ kí Tabrez fọwọ́ kàn án. Wọ̀bìà ni."

Tabrez wo ojú mi. Ó gba àwo náà. Ó ní, "Ẹ ṣé, Ammi," ó gbìyànjú kí ohùn rẹ̀ jọ tèmi. Kò jọ ọ́. Ammi na ọwọ́, ó fi kan irùngbọ̀n Tabrez, ó sì fà á.

"Jẹ ẹ́," ó ní. "Jẹ ẹ́, wọ̀bìà."

Ó padà sí ilé ìdáná. Tabrez jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú omijé lójú, ó ní ṣúgà rẹ̀ ló pọ̀ jù.

21 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo ṣí èyí tó kù náà. Mo gbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sí iwájú rẹ̀, ó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, funfun lórí dúdú. Mo mú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé òpin. Ammi jókòó, ó na ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀pá náà ń wá pátákó kiri nínú afẹ́fẹ́.

"Ṣé o ti gbé e síbẹ̀?"

"Ó ti wà níbẹ̀, Ammi."

Ó fi ọ̀pá sílẹ̀.

Mo ní, "Màá kà á fún yín. Mi ò ní fo ìlà kan."

"Mo mọ̀ pé o ò ní fò ó." Ó wá ọwọ́ mi kàn. "Má kà á. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó ní láti bá mi sọ, mo ti gbọ́ ọ tán, àfi ẹyọ kan yẹn. Tí o bá kà á, ó parí nìyẹn."

30 Ọ́gọ́ọ̀sì

Shakeeb kọ̀wé. Ó ní àwọn ènìyàn ń bi òun, pé Sabahat ní àwọn òǹkàwé tó ń wá a káàkiri, wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n bá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó tóbi bí ilé. Ó bẹ̀ mí, bó bá ti rọrùn fún mi, kí n dín lẹ́tà kù sí bí ó ti yẹ. Ó kí ìyá mi.

Mo jókòó ti Ammi lọ́sàn-án yìí láti ṣe é. Mo ń dín in kù: ọ̀rọ̀ kan di mẹ́ta, ó di márùn-ún, ó di ìlà. Mo pa àlàfo àárín wọn pọ̀ kí ọ̀rọ̀ púpọ̀ baà lè wọ ojú kọ̀ǹpútà. Mo rò pé Ammi ń sùn.

"Kí lò ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mò ń tún aṣọ rẹ̀ ṣe, Ammi. Ó tóbi jù fún àwọn èèyàn."

Ó yíjú sí ọ̀dọ̀ mi, ó ṣìnà díẹ̀, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

"Dín in kù. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó fún un lọ́rùn o. Kì í fẹ́ kó fún."

Mo padà sínú kóòdù Sabahat, sí ibi tó ti kọ ọ́ pé kí lẹ́tà ráyè mí, mo dá àlàfo tó fi sí àárín ìlà padà bó ṣe fi í sílẹ̀.